A Wà Lẹ́yìn Rẹ bí Iké

Ní oṣù Kẹta, tí yìnyín ṣì dí ẹnu èbúté wa
ní ìlú kékeré kan ní Niúfáńlándì,
iná jó ahéré etí omi Leander Pardy.
Ó jó ọkọ̀ tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ olóògbé pè,
ó jó igba ìgèrè akàn tó fi gbogbo ìgbà òtútù tún ṣe,
ó jó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pàápàá. Ó ku bàtà kan.

Lọ́jọ́ Àìkú a pé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.
Tíì gbígbóná wà. Kéèkì oríṣi mẹ́rin.
Cyril Rideout, alága ẹgbẹ́ apẹja, dìde,
ó fọwọ́ lu àyà, ó ní,
“Leander, a wà lẹ́yìn rẹ bí iké.”
A pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan sunkún.
Àwa bí àádọ́rin fọwọ́ sí káàdì kan
tó ní àwòrán ẹyẹ òkun lójú.
Orúkọ tèmi ló tóbi jù, pẹ̀lú bírò aláwọ̀ ojú ọ̀run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iké díẹ̀.
Òótọ́ ni, kì í fi ẹni tó ni í sílẹ̀ lójò, lẹ́ẹ̀rùn.
Ṣùgbọ́n ta ló rí iké tó bá abuké gbé igi rí?
Ta ló rí iké tó di okùn mú
nígbà tí ìgbì ń fa ọkọ̀ lọ?
Ẹ̀yìn ló wà lóòótọ́.
Abuké ló ń gbé e.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.
Níbi tiwa, òtútù pọ̀:
ọ̀rọ̀ rere ń rú jáde lẹ́nu bí èéfín funfun,
ọwọ́ ò kúrò lápò.

Nígbà tí a ń tú ká, mo di èjìká rẹ̀ mú.
Mo ní, “Ohunkóhun tó o bá fẹ́, pè mí.
Ìbáà ṣe òru. Ṣé o gbọ́? Ìbáà ṣe òru.”
N kò purọ́.
Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.
Títí mo fi dé ìdí mọ́tò mi, òtítọ́ ni.

Ó pè.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, aago márùn-ún ìdájí kù díẹ̀.
Ó ti yá ògbólógbòó ọkọ̀ kan lọ́wọ́ àna rẹ̀,
ẹnìkan péré ló ń wá, fún ọjọ́ mẹ́fà,
tí yóò bá a fa ìgèrè.
Ẹ̀yìn ọ̀la ni mo gbọ́ ìyẹn.
Lójú ẹsẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo rí,
tí fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì
bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú ọkọ̀.
Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀meje ló dún.
Ìyàwó mi kọjú sí ògiri, kò bi mí ta ni.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́:
“Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ.”
Ọkàn! Bí ẹni pé ọkàn ní apá.

Ọmọbìnrin Verna tó ń ta epo mọ́tò ló bá a lọ,
èyí tí kò wá sí gbọ̀ngàn,
tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan.
Wọ́n ní ó bì títí di ọjọ́ kẹta.
Lọ́jọ́ kẹrin ó ń fa okùn.

Oṣù Kẹfà, Leander kan ilẹ̀kùn mi,
akàn mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn àtijọ́.
“Tìrẹ rèé.”
N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo béèrè káàdì,
bóyá ó ṣì wà.
“Ó wúlò,” ló wí. “Igi mi tutù láàárọ̀ ọjọ́ kan,
òun ni mo fi ṣáná.”
Mo wo ojú rẹ̀ bóyá èébú ni.
Kì í ṣe èébú.

Nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn,
mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀.
Akàn ṣì ń yí nínú ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi.